Lórí tábìlì ó ń sọ̀rọ̀, ó dé oko ó yadi: ẹ gbà mí lórí transceiver yìí

Ọmọ_Olókè (Ọjọ́ Àìkú, 9:40 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìdànrè ni mo ti ń kọ̀wé. Ìyá mi ń sin ẹja àrọ̀. Táǹkì omi tó ń bọ́ adágún ẹja wọn wà lórí òkè, ó tó 600 mítà sílé. Pọ́ǹpù wà nílé lọ́dọ̀ wa, torí ibẹ̀ ni kànga àti jẹnẹrétọ̀ wà. Bí a bá ti tan pọ́ǹpù, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gun òkè lọ wò ó bóyá táǹkì ti kún. Ọmọ àbúrò mi ló ń ṣe é, ó sì ti sú u. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó lọ sùn sábẹ́ igi kòkó, omi ń dànù fún wákàtí méjì gbáko, epo tí a fowó rà ń jó lọ.

Mo wá ní kí n dọ́gbọ́n sí i. Mo ra nRF24L01+ méjì (transceiver ni, rédíò kékeré tó ń sọ tó sì ń gbọ́), èyí tó ní àńtẹ́nà dúdú gígùn yẹn, mo ra Arduino Uno méjì (pátákó kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí rẹ̀). Float, ohun tó ń léfòó lórí omi, wà nínú táǹkì. Bí omi bá gbé float sókè, Arduino òkè yóò sọ fún tilé, tilé yóò sì dún fìì-fìì. Ẹni tó tà á fún mi ní ó ń lọ tó 1,000 mítà. Lórí tábìlì, ó ṣe bí idán. Mo gbé ọ̀kan jáde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ ségesège. Mo dé ìdí igi àgbọn ilé kejì, kò tó 40 mítà, ó yadi pátápátá.

Igi kòkó ló kún àárín ilé àti òkè. Àpáta kan wà lápá òsì, ṣùgbọ́n kò dí ojú ọ̀nà.

Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni, àbí èmi ni n kò mọ̀ ọ́n lò? Ẹ tún bá mi sọ bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ó ti sú mi láti máa da code onícode kọ láìmọ ohun tí mò ń ṣe.


Sódà_Aláàbà (Ọjọ́ Àìkú, 10:02 alẹ́)

Ayédèrú ni. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́jà ni kì í ṣe ojúlówó. Bó bá sì jẹ́ ojúlówó, agbára rẹ̀ ni kò tó. Wá amplifier 1 watt kan (ohun tó ń gbé agbára ohùn sókè), so ó mọ́ ẹnu àńtẹ́nà, ó parí. Rédíò ò ju ariwo lọ: ẹni tó bá pariwo jù ni wọ́n ń gbọ́.


Àǹtí_Ìgbì (Ọjọ́ Àìkú, 10:31 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Sódà, ẹ má tíì ná owó olówó. Ebi ló ń pa rédíò yẹn.

Ọmọ_Olókè, ẹsẹ̀ 3.3 V tó wà lára Uno ni ẹ fi ń bọ́ ọ, àbí? Ẹsẹ̀ yẹn kò lè fúnni ju 50 mA lọ. nRF kékeré tí kò ní àńtẹ́nà gígùn kò níṣòro, torí 11.3 mA péré ló ń jẹ bó bá ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tẹ́ ẹ rà ní amplifier tirẹ̀ lára, ó lè jẹ tó 115 mA lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ti lanu báyìí, iná á já sílẹ̀, chip á dákú, á tún jí, á tún dákú. Mítà kò ní fi hàn yín, torí ìdákú náà kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan. 3.3 ni mítà á máa kà fún yín, á máa tàn yín jẹ. Odindi òpin ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi pàdánù sórí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó ya scope (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán bí iná ṣe ń lọ) lọ́wọ́ ẹnì kan ní Àkúrẹ́, tí mo wá rí kòtò tí iná ń já sí.

Ẹ ra AMS1117-3.3 (ohun tó ń sọ 5 V di 3.3 V), owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ gbé 5 V sí i láti ara Uno, kí 3.3 rẹ̀ máa bọ́ nRF. Ẹ wá jó capacitor (ohun tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́) 10 µF, tàbí 100 bẹ́ ẹ bá ní in, mọ́ VCC àti GND (ẹsẹ̀ iná àti ẹsẹ̀ ilẹ̀) níbi ẹsẹ̀ module gan-an, ẹ má ṣe é lókèèrè lórí breadboard. Àwọn wáyà jumper tín-ín-rín yẹn náà ń jẹ iná.

Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ ìyára rẹ̀ sílẹ̀ dé 250 kbps. Ní 2 Mbps, −82 dBm ni etí rẹ̀ ń gbọ́ mọ (dBm ni a fi ń wọn agbára ohùn rédíò: bó ṣe ń rẹlẹ̀ sí i ni ohùn ń kéré sí i; dB ni ìyàtọ̀ àárín méjì). Ní 250 kbps, ó ń gbọ́ dé −94. 12 dB nìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́, láìra nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ sọ kò ju “ó ti kún” lọ. Kí lẹ fẹ́ fi 2 Mbps ṣe?


Sódà_Aláàbà (Ọjọ́ Àìkú, 10:40 alẹ́)

Ti capacitor yẹn, mo gbà. Mo ṣì dúró lórí amplifier.


Bàbá_Oníwáyà (Ọjọ́ Ajé, 5:50 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Olókè ọmọ mi, ìbéèrè rẹ kejì ni mo fẹ́ dáhùn, torí àwọn ọmọ yìí ti sáré bá àkọ́kọ́ lọ. Iṣẹ́ wáyà àti rédíò ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn rédíò tí a lò nígbà náà, ẹni méjì ló ń gbé ọ̀kan. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ kò tó èékánná, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Transceiver, ẹnu àti etí tó ń gbé inú ilé kan ṣoṣo ni. Àńtẹ́nà kan ni àwọn méjèèjì jọ ń lò. Switch kan wà láàrin wọn: bí ẹnu bá fẹ́ sọ̀rọ̀, switch á so àńtẹ́nà mọ́ ẹnu, á já etí kúrò, bó bá sọ tán, á dá a padà fún etí. Ìdí tí kò fi lè ṣe méjèèjì pọ̀ nìyí: ohùn tó ń ti ẹnu rẹ jáde, 100 mW, lé ní ìlọ́po bílíọ̀nù 200 ohùn tín-ín-rín tí etí kan náà ń retí láti ọ̀nà jíjìn. Bí ẹnu bá pariwo sí etí bẹ́ẹ̀, etí ò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀ṣọ́ tó ní walkie-talkie fi ń sọ “over”, tó sì ń jọ̀wọ́ bọ́tìnì kó tó lè gbọ́ èsì. Tìrẹ náà ń sọ “over”, ìwọ ni o kò gbọ́ ọ: bó bá ti sọ̀rọ̀ tán, á yí ara padà láàrin ìdá 130 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá kan, á wá dákẹ́ máa retí kí èkejì dáhùn pé “mo gbọ́”. Bí kò bá gbọ́ èsì, á tún un sọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnu ṣáájú. Wo ara module yẹn, wàá rí nǹkan onírin kékeré kan tí wọ́n kọ 16.000 sí. Crystal nìyẹn. Ó ń gbọ̀n ní ìgbà mílíọ̀nù 16 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, kì í sì í yẹsẹ̀. Nínú chip, nǹkan mìíràn wà tó ń gbọ̀n ní ìgbà mílíọ̀nù 2,400 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n alágbèéré ni, bí oòrùn bá mú un, á yẹsẹ̀. Bí òtútù bá mú un, á tún yẹsẹ̀. Crystal ló ń fà á létí. Circuit kan ń fi wọ́n wéra nígbà gbogbo: bó o bá sáré jù, ó ní padà, bó o bá lọ́ra, ó ní gbéra. Láìsí èyí, rédíò méjì ò lè bára wọn pàdé lórí ìlà kan náà láé.

Báwo ló ṣe wá ń gbé ọ̀rọ̀ lé orí ìgbọ̀n yẹn? Bó bá fẹ́ sọ 1, á gbé ìgbọ̀n náà sókè díẹ̀. Bó bá fẹ́ sọ 0, á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. Àbí kí ni gángan ń ṣe? Ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀, Yorùbá sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ níbẹ̀. FSK ni wọ́n ń pe ọgbọ́n yìí. Bí mo bá sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé gángan ni FSK, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọn kì í sì í gbàgbé mọ́.

Etí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Àńtẹ́nà kò mọ tìrẹ yàtọ̀ sí tẹlòmíràn. Wi-Fi ilé kejì, Bluetooth, ààrò microwave, gbogbo wọn ló ń wọlé pọ̀. Amplifier kékeré kan ló kọ́kọ́ gba ohùn wọlé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó gbé e sókè láìfi ariwo ti ara rẹ̀ bà á jẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mixer. O ti gbọ́ kí jẹnẹrétọ̀ kékeré méjì máa dún nítòsí ara wọn rí? Ìró ọ̀kan yá ju èkejì lọ díẹ̀. Wàá gbọ́ ìró kẹta tó ń lọ wọ̀ọ̀n... wọ̀ọ̀n... wọ̀ọ̀n, ó lọ́ra ju àwọn méjèèjì lọ. Ìyàtọ̀ àárín wọn lò ń gbọ́ yẹn. Ohun tí rédíò ń ṣe nìyẹn: ó ń dá ìgbọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀ nínú, ó ń pò ó mọ́ èyí tó wọlé, ìyàtọ̀ tó kù ló ń mú. Edwin Armstrong, ará Amẹ́ríkà, ló gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ ní 1918, rédíò FM ilé ìyá rẹ ṣì ń lò ó. Bó o bá ṣí ilé iṣẹ́ kan tó wà lórí 100 MHz, rédíò á gbọ̀n ní 110.7 nínú, 10.7 á sì kù. Bó o bá yí i sí 95, òun náà á yí tirẹ̀ sí 105.7, 10.7 náà ni yóò kù. Nítorí náà, asẹ́ kan péré ni wọ́n nílò láti ṣe dáadáa, asẹ́ 10.7, gbogbo ògì á sì gba inú rẹ̀ kọjá. Chip tìrẹ ní nọ́ńbà mìíràn, ọgbọ́n kan náà ni.


Àǹtí_Ìgbì (Ọjọ́ Ajé, 7:15 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ Bàbá. Ẹ ṣeun, mo ti fi èyí pamọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, jẹnẹrétọ̀ yẹn fẹ́ ṣini lọ́nà díẹ̀. Ìró méjì tó kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn kì í bí ẹ̀kẹta. Ariwo wọn ló ń ga tó ń rẹlẹ̀ létí wa. Bẹ́ ẹ bá fi asẹ́ wá ìró kẹta yẹn, ẹ ò ní bá a níbẹ̀. Mixer kì í ro wọ́n pọ̀ lásán, ìlọ́po ló ń ṣe: ìgbọ̀n inú ń ṣí, ó ń tì, bí ìlẹ̀kùn, èyí tó ti ìta wá sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Ìlọ́po yẹn ló ń bí ọmọ méjì, ìyàtọ̀ àti àròpọ̀. Nínú àpẹẹrẹ yín, 10.7 àti 210.7. Asẹ́ ló ń da 210.7 nù.


Bàbá_Oníwáyà (Ọjọ́ Ajé, 7:32 àárọ̀)

Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fi jẹnẹrétọ̀ kọ́ àwọn ọmọ, ìwọ lo kọ́kọ́ dá mi dúró. Fi ìlẹ̀kùn yẹn dípò rẹ̀.


Ìyá_Ẹlẹ́ja_Ẹ̀pẹ́ (Ọjọ́ Ajé, 11:20 àárọ̀)

Kí ló dé tẹ́ ẹ ń ṣe wàhálà tó báyìí? Èmi náà ń sin ẹja. SIM800L (module fóònù kékeré) ni ọmọ mi so mọ́ táǹkì tiwa, pẹ̀lú káàdì SIM. Bí omi bá kún, ó ń pè mí lórí fóònù, ì báà jẹ́ ọjà ni mo wà. Fóònù ń sọ, ó sì ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí “over” kankan níbẹ̀. Ohun kan péré tó dà wá láàmú ni bátìrì: kò gba 5 V, kò gba 3.3 V, tó bí 4 V ló fẹ́, bó bá sì ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó ń fa tó ampere 2 lójijì. Charger fóònù kò gbé e. Bátìrì lithium ẹyọ kan la gbé sí i kó tó fara balẹ̀.


Ọmọ_Houston (Ọjọ́ Ajé, 4:08 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. SIM dára bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára, ṣùgbọ́n lẹ́yìn àpáta Ìdànrè, mo ti pe ìyá ìyá mi tó, mo mọ bó ṣe ń rí.

Lórí pé fóònù ń sọ ó ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: fóònù GSM kò ṣe bẹ́ẹ̀ o, ó kàn yára débi pé a ò mọ̀ ni. Lóòótọ́, ọ̀nà méjì ló ń lò, 890 sí 915 MHz láti fóònù lọ sí òpó, 935 sí 960 láti òpó wá sí fóònù. Síbẹ̀, ó tún pín àkókò sí ègé mẹ́jọ mẹ́jọ. Ó ń gbọ́ nínú ègé tirẹ̀, ègé mẹ́ta kọjá, ó wá sọ tirẹ̀. Ìgbà 217 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí àsìkò tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní 2001, tẹ́ ẹ bá gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, rédíò á kọ́kọ́ ṣe bìrìrì-bìrìrì, bìrìrì-bìrìrì, kí ìpè tó wọlé? Ìgbà 217 yẹn lẹ̀ ń gbọ́, ẹnu transceiver fóònù yín tó ń ṣí tó ń padé. Àwọn 3G ló wá ń sọ tó ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà lóòótọ́, asẹ́ ńlá ni wọ́n sì fi la ẹnu àti etí.


Ìyá_Ẹlẹ́ja_Ẹ̀pẹ́ (Ọjọ́ Ajé, 4:30 ìrọ̀lẹ́)

Ṣé ohun tó fà á nìyẹn! Ọkọ mi ní ẹ̀mí burúkú ni.


Ọmọ_Olókè (Ọjọ́rú, 8:50 alẹ́)

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo ra AMS1117, mo jó capacitor 100 mọ́ ọn, mo fi í sí 250 kbps. Àyípadà dé: 40 mítà di 190 mítà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti wọ inú kòkó báyìí, bí ogún ẹsẹ̀ bàtà, ó tán. Mo lọ sí etí títì níbi tí kò sí igi, ó gbọ́ mi láti ibi tó jìnnà gan-an. Kòkó ni ọ̀tá mi.


Sódà_Aláàbà (Ọjọ́rú, 9:05 alẹ́)

Ẹ gbé e sí channel 108. Wi-Fi kò dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń ṣe. Àti amplifier!


Àǹtí_Ìgbì (Ọjọ́rú, 9:18 alẹ́)

Channel 108 túmọ̀ sí 2,508 MHz. Ibi tí gbogbo ènìyàn lè lò láìgba ìwé àṣẹ parí sí 2,483.5. Chip á gbà fún yín láti lọ sókè, ṣùgbọ́n ilé onílé lẹ wọ̀ yẹn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ sá fún Wi-Fi, ẹ má kọjá 80. Yàtọ̀ sí èyí, Wi-Fi wo ló wà nínú oko kòkó?


Ọmọ_Houston (Ọjọ́rú, 11:47 alẹ́)

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí owó, kí ẹ̀gbọ́n Sódà lè fi amplifier sílẹ̀.

Ẹnu yín ní 20 dBm lọ́wọ́. 600 mítà ní 2.4 GHz, bí kò bá tiẹ̀ sí ewé kan lójú ọ̀nà, ń gba owó bodè tó 96 dB. Ó ku −76. Etí yín ń gbọ́ dé −94. 18 dB ló kù lápò yín, òun náà lẹ fẹ́ fi san fún gbogbo igi kòkó tó wà láàrin. Ewé kòkó fẹ̀, ó nípọn, omi kún inú rẹ̀, ó sì ń mu ìgbì. Kò lè tó.

Amplifier 1 watt á fi 10 dB kún un. Ó dára. Ṣùgbọ́n rírẹ ìyára sílẹ̀ tí Àǹtí ní kẹ́ ẹ ṣe fi 12 kún un, kò sì jẹ bátìrì. Ẹ tún wò ó: bí amplifier bá mú ẹnu òkè lágbára, tilé ń kọ́? Ó gbọ́dọ̀ dáhùn “mo gbọ́”. Amplifier méjì lẹ máa rà.

Ọ̀nà mìíràn ni kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí 433 MHz, kẹ́ ẹ lo LoRa, chip SX1278. Owó bodè ibẹ̀ fún 600 mítà kan náà jẹ́ 81 dB, 15 ti kúrò níbẹ̀. Etí rẹ̀ wá ni ìyanu. LoRa kì í sọ 1 àti 0 bíi gángan Bàbá. Ó ń súfèé: ìgbọ̀n á bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, á fà lọ sókè fììì, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nínú súfèé yẹn ló ń sọ ọ̀rọ̀. SF ni nọ́ńbà tó ń sọ bí súfèé ṣe gùn tó: ní SF7, súfèé kan tó bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ní SF12, ó gùn tó ìdá 33. Bó ṣe ń gùn sí i ni etí ń rí àyè kó o jọ láti inú ariwo, débi pé SF12 lè gbọ́ ohùn tó fi 20 dB rẹlẹ̀ ju ariwo fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ará Ìdànrè lẹ mọ̀ ọ́n: bẹ́ ẹ bá ń pe ẹni tó wà lórí òkè kejì, ẹ kì í sáré pè é. Ẹ ń fa orúkọ rẹ̀ gùn ni.

Ní SF7 gan-an, −123 ló ń gbọ́ dé. Bí ẹnu bá ní 17 dBm, 59 dB ló máa kù lápò yín. Kòkó lè jẹ ọgbọ̀n níbẹ̀ kó yó.

Mo ní méjì nílé tí mi ò lò, 915 MHz ni wọ́n. Mo lè fi rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé ní Kejìlá.


Bàbá_Oníwáyà (Ọjọ́bọ̀, 5:41 àárọ̀)

Ọmọ dáadáa ni ọ́, ṣùgbọ́n má fi 915 ránṣẹ́. Ọ̀dọ̀ yín ní Amẹ́ríkà ni 902 sí 928 ti jẹ́ ti gbogbo ayé. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ lókè pé 890 sí 915 ni fóònù fi ń bá òpó sọ̀rọ̀. Ṣé o fẹ́ kí ọmọ yìí máa súfèé sí etí òpó ni?

433 tó o dárúkọ, 433.05 sí 434.79, ITU, àjọ àgbáyé tó ń pín ìlà rédíò, yà á sọ́tọ̀ fún irú ohun èlò báyìí ní ẹkùn kìíní, níbi tí Áfíríkà wà. Yúróòpù kò jẹ́ kó kọjá 10 mW níbẹ̀. Olókè, dúró sórí 10 mW, ìyẹn 10 dBm. Bó o bá fẹ́ gbé e sókè jù bẹ́ẹ̀, NCC, àjọ tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ni kó o kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn.


Ọmọ_Houston (Ọjọ́bọ̀, 6:20 àárọ̀)

Mo tọrọ gáfárà, Bàbá. Ní 10 dBm, 52 dB ṣì kù. Ó tó.


Sódà_Aláàbà (Ọjọ́bọ̀, 9:30 àárọ̀)

Ó dáa, mo ti fi amplifier sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo mọ̀ dájú, torí mo ti ba mẹ́ta jẹ́.

Module LoRa tẹ́ ẹ máa rí lọ́jà ni Ra-02. Bí wọ́n bá fi àńtẹ́nà spring kékeré sínú ọ̀rá pẹ̀lú rẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ mú wáyà iná ilé, 1.5 mm, ẹ bó o, ẹ wọ̀n ọ́n ní 17.3 cm. Ìgbì 433 gùn tó 69 cm, ìdá mẹ́rin rẹ̀ nìyẹn. Ẹ jó o mọ́ ojú àárín sókẹ́ẹ̀tì SMA (ibi tí a ń so àńtẹ́nà mọ́). Ẹ gé mẹ́rin mìíràn tó gùn bákan náà, ẹ jó wọn mọ́ igun mẹ́rin sókẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n dà sísàlẹ̀ bí ẹsẹ̀ àga ìta. Wáyà ìsàlẹ̀ yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn ń fò, láìsí wọn àńtẹ́nà ò pé.

Èkejì: ẹ má tan án kó sọ̀rọ̀ láìsí àńtẹ́nà lẹ́nu rẹ̀. Agbára tó fẹ́ jáde tí kò rọ́nà á padà sínú chip. Àwọn kan á ní àwọn ti ṣe é rí, kò sì ṣe nǹkan kan. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́, ẹnu rẹ̀ ti kú.


Àǹtí_Ìgbì (Ọjọ́bọ̀, 1:12 ọ̀sán)

Ẹ̀gbọ́n Sódà ti sọ òdodo ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un.

Ra-02 kì í ṣe nRF. Ẹsẹ̀ nRF ń gba 5 V láti Uno, kò sí ewu. Ra-02 kò gbà á, 3.3 V ni gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́. Ẹ lo Pro Mini (Arduino kékeré) oní 3.3 V, tàbí kẹ́ ẹ fi level shifter (ohun tó ń rẹ 5 V sílẹ̀ dé 3.3 V) sáàrin.

Kí àńtẹ́nà méjèèjì dúró ṣánṣán. Bí ọ̀kan bá dúró tí èkejì sùn, ohùn tó pọ̀ ni ẹ máa pàdánù. Ẹ gbé wọn ga. Ojú ọ̀nà ìgbì kì í ṣe okùn tín-ín-rín, ó ní ikùn bíi ti ọkọ̀ ojú omi. Fún 600 mítà lórí 433, ikùn yẹn tó 10 mítà sókè àti sísàlẹ̀ láàrin ọ̀nà. Ẹ ò lè gbé e kọjá gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mítà kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá fi kún un ń ṣèrànwọ́. Ẹ má fi wáyà àńtẹ́nà gígùn gun òkè o, wáyà yẹn á jẹ ohùn tán. Module fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé sókè orí páìpù PVC, kí wáyà iná àti ti float wá bá a níbẹ̀. Bí ìdúró táǹkì bá jẹ́ irin, ẹ jìnnà sí i.


Ọmọ_Olókè (Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ kẹta, 6:55 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ yín.

Ra-02 méjì, Pro Mini méjì, páìpù PVC mítà 4 lókè àti nílé, àńtẹ́nà 17.3 tí mo gé tí mo tún gé (àkọ́kọ́, mo wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ara bíbó rẹ̀, ó kúrú). 10 dBm, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe wí. Ní SF7, ó ń gbọ́, ṣùgbọ́n ó ń fo ọ̀rọ̀ kan nínú mẹ́wàá. Mo gbé e sí SF9, kò fo ọ̀kan mọ́ láti ọjọ́ mẹ́rin. −102 dBm ló ń kà lójú gbígbẹ. Lánàá òjò rọ̀, gbogbo ewé tutù, ó bọ́ sí −107, kò sì yadi.

Mo tún yí ètò rẹ̀ padà. Tẹ́lẹ̀, tòkè ń sọ̀rọ̀ nígbà tó bá kún nìkan. Bí ó bá kú, a ò ní mọ̀. Ní báyìí, ó ń sọ “mo wà” ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí tilé kò bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń dún lọ́nà mìíràn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló dún bẹ́ẹ̀, mo gun òkè, mo bá agbọ́n tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé sínú àpótí, ó ti ti wáyà bátìrì kúrò.

Ọmọ àbúrò mi ní kí n má tíì sọ fún màmá pé ó ti ń ṣiṣẹ́.


Ìyá_Ẹlẹ́ja_Ẹ̀pẹ́ (Ọjọ́ Àìkú, 7:20 alẹ́)

O ṣeun, ọmọ mi. Agbọ́n yẹn á padà wá. Fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo ihò tí wáyà gbà wọlé, ṣùgbọ́n fi ihò kékeré kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ àpótí kí omi lè máa jò jáde. Tiwa tí a dí pátápátá, ooru ló mú omi jáde nínú rẹ̀.


Sódà_Aláàbà (Ọjọ́ Àìkú, 7:41 alẹ́)

Mo yọ̀ fún ọ. nRF méjì tó o rà yẹn, ẹ̀lo lo fẹ́ tà á?


Àǹtí_Ìgbì (Ọjọ́ Àìkú, 7:43 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ayédèrú ni?